Ẹ̀RÍN ỌMỌDÉ NÍNÚ ILÉ ONÍGBÀGBỌ́



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ìdílé kan nínú ìjọ wa ka Rósárì ní ilé wọn, ní ọ̀kan nínú àwọn kúlóòsì tí ó wà ní ìlú Festac yìí. Kò sí iná mànàmáná. Àbẹ́là kan ṣoṣo ni ó ń jó níwájú ère Ìyá wa Màríà, bàbá, ìyá, ìyá àgbà àti àwọn ọmọ mẹ́ta sì kúnlẹ̀ yí i ká. A ti ka ẹ̀wá mẹ́ta, a sì ti bọ́ sínú ẹ̀kẹrin, nígbà tí iná dé lójijì. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mí, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kígbe pé, “Ọ́ọ̀pù NEPA!” Ìyá àgbà, ẹni tí oorun ti ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀, sì dáhùn ní ohùn rara pé, “Àmín!”

N kò lè purọ́ fún yín: èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ti bàbá ọmọ náà nítorí pé Fadá wà níbẹ̀, ó sì ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Nígbà náà ni ìyá àgbà sọ fún un pé, “Ọmọ mi, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. Ọpẹ́ ni ó dá. Gbogbo wa ni a ti ń retí iná yìí nínú ọkàn wa láti ìgbà tí a ti kúnlẹ̀. Òun nìkan ni ó sọ ọ́ jáde.” Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, a sì ka ìyókù Rósárì wa pẹ̀lú ọkàn tí ó fúyẹ́ ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tí mo ń padà sí ilé, mo ro ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò lára ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ọmọ náà kò tíì sí láyé nígbà náà. Síbẹ̀, orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa, nítorí pé pẹ̀lú ayọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí ó bá bá ayọ̀ wọ ọkàn ọmọdé kì í tètè jáde. Èmi sì bi ara mi léèrè pé: àdúrà tí a ń fi ìgbájú kọ́ ọmọ, yóò ha pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ ronú ní ọ̀sẹ̀ yìí lórí ọ̀rọ̀ kan tí a sábà máa ń fojú kéré, èyíinì ni ẹ̀rín tí ó yẹ kí ó wà láàrin àwọn òbí, àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ ọmọ.

1. Ọmọ tí Orúkọ Rẹ̀ Ń Jẹ́ Ẹ̀rín

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Nígbà tí Ọlọ́run sọ fún Ábúráhámù, ẹni tí ó ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, pé aya rẹ̀ Sárà, tí ó ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún, yóò bí ọmọkùnrin, ńṣe ni Ábúráhámù dojú bolẹ̀ tí ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí, àwọn àlejò mẹ́ta wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Mámúrè. Sárà wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn àgọ́, ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, òun náà sì rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Nígbà tí a bi í, ẹ̀rù bà á, ó sì sẹ́. A sì sọ fún un pé lóòótọ́ ni ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́run kò tìtorí ẹ̀rín náà gba ìlérí rẹ̀ padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó yan orúkọ ọmọ náà: Ísáákì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù jẹ mọ́ ẹ̀rín. Nígbà tí ọmọ dé, Sárà jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run ni ó pa òun lẹ́rìn-ín, àti pé gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ yóò bá òun rẹ́rìn-ín. Àwa Yorùbá mọ irú ìsọmọlórúkọ bẹ́ẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; nítorí náà ni a ṣe ní Ayọ̀délé, Adébáyọ̀ àti Ayọ̀bámi láàrin wa. Bí a bá sì wo ọjọ́ orí, ìyá àgbà ni Sárà í ṣe ní ọjọ́ tí ó di ìyá ọmọ. Nígbàkígbà tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, ẹ̀rín ni ó ń pè wọ inú àgọ́.

Bí Ọlọ́run bá lè fi ẹ̀rín ṣe orúkọ fún ọmọ ìlérí, ta ni àwa tí a ó fi lé e jáde kúrò ní ilé wa?

2. Ọrun tí A Kò Dẹ̀

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn alùfáà, mo rò pé ẹni mímọ́ gbọ́dọ̀ le ojú koko. Thomas ti Aquino mímọ́, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, ni ó tú mi sílẹ̀ nínú èrò náà. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní Summa Theologiae, ó kọ́ wa pé gẹ́gẹ́ bí ara ti ń rẹ̀ tí ó sì ń fẹ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rẹ ọkàn; eré àti ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tí ó mọ níwọ̀n sì ni ìsinmi ọkàn. Ó tilẹ̀ fi kún un pé ẹni tí kì í ṣe àwàdà rárá, tí ó sì ń ba eré àwọn ẹlòmíràn jẹ́, ń ṣe àṣìṣe.

Ó mú ìtàn kan wá láti inú ìwé àwọn Bàbá Ìjọ. Àwọn kan bá Jòhánù Ajíyìnrere níbi tí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ń ṣeré, ó sì ya wọ́n lẹ́nu. Jòhánù ní kí ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ó mú ọrun lọ́wọ́, ta ọfà kan. Ó ta á. Ó ní kí ó tún ta á, ó tún ta á. Lẹ́yìn náà ni ó bi í bí ó bá lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ọkùnrin náà dáhùn pé bí òun bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọrun yóò ṣẹ́. Jòhánù sì wí fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ènìyàn, bí a kò bá dẹ̀ ẹ́ nígbà kan.

Ẹ̀yin bàbá tí ń gbé ní Festac àti ní Amuwo-Odofin, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Mo mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, àti pé nígbà tí ẹ bá fi padà dé, àwọn ọmọ ti sùn. Lóòótọ́, láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láàrin Marina àti Mile 2, ìrìn kìlómítà 13, ó sì ti dín ìyà àwọn kan kù. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin lè gbé bàbá dé Mile 2. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tí ó lè gbé e láti orí àga rẹ̀ dé orí ẹní tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ń ṣeré. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn ín.

Philip Neri mímọ́, tí a bí ní ìlú Florence ní ọdún 1515, tí ó sì kú ní Róòmù ní ọdún 1595, fẹ́ràn kí àwọn ọmọdékùnrin máa ṣeré yí i ká. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń ṣàròyé nípa ariwo wọn, èsì rẹ̀ ni pé kí wọ́n tilẹ̀ la igi ìdáná lórí ẹ̀yìn òun bí wọ́n bá fẹ́, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń dá. Ó mọ̀ pé ọmọ tí ó ń ṣeré níwájú rẹ̀ kò sí ní ibi tí yóò gbé bàjẹ́.

3. Àṣìṣe tí Èmi Fúnra Mi Ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Fadá ń kọ́ni ní ohun tí kò kan án, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di alùfáà, mo ń wàásù ní Mísà ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti kọ ìwàásù náà sílẹ̀ dáradára, inú mi sì dùn sí i. Mo gbé ohùn sókè, mo sì bèèrè pé, “Ta ni nínú yín tí ebi ń pa?” Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo ní lọ́kàn. Ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ dìde lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ó sì kígbe pé, “Èmi! Ebi ń pa mí!”

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìgbéraga ni ó mú mi, nítorí pé ọmọdé ti ba ìwàásù mi jẹ́. Mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo sì sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà jáde. Ìyá àgbà náà kò fọhùn. Ó pọn ọmọ, ó sì jáde. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Lẹ́yìn Mísà, mo rí wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bá wọn kọjá bí ẹni pé n kò rí wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, n kò rí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò rí wọn. Ìyá náà kì í sì í pa Mísà jẹ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkàn mi kò jẹ́ kí n sinmi mọ́, mo sì wá ilé wọn lọ. Mo rò pé yóò bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó sì wí pé, “Fadá, inú kò bí mi. Ọmọ yìí ni kò fẹ́ bá mi lọ mọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè fi í sílẹ̀ tì. Ó ní òun dáhùn ohun tí Fadá bèèrè, Fadá sì lé òun jáde.”

Ẹ̀yin ará mi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle láti ẹnu àwọn ọ̀gá mi rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó wọ̀ mí lára tó ti ọmọ ọdún mẹ́ta yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, bí ó tilẹ̀ ń pariwo pé kí alùfáà má ṣe dọ̀bálẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí ọmọ náà, mo sì bi í léèrè pé, “Ṣé ebi ṣì ń pa ọ́?” Ó wò mí títí, ó sì dáhùn pé, “Kí ni ẹ mú wá?” N kò mú ohunkóhun lọ. Mo ní láti jáde lọ ra búrẹ́dì ní òpópónà kí ó tó gbà kí a di ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì padà wá sí ilé Ọlọ́run.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2014, nígbà tí Póòpù Francis, tí ó ti dolóògbé báyìí, ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ ọwọ́ nínú ilé ìsìn Sistine, ó sọ fún àwọn ìyá pé bí ebi bá ń pa ọmọ wọn, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ láìbẹ̀rù. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rántí ọmọ tèmi yìí, ojú sì tún tì mí.

Nítorí náà, nínú ìjọ yìí, ẹ mú àwọn ọmọ wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó níwájú, níbi tí wọ́n yóò ti máa rí pẹpẹ, nítorí pé ọmọ tí kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ẹ̀yìn àwọn àgbàlagbà kò lè ṣàìdá eré tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ń sunkún, ẹ gbé e jáde díẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe yíjú wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ń wo olè.

4. Ẹ̀rín àti Ẹ̀sín

Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ni ó dára. Nínú Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kan náà, kò pẹ́ lẹ́yìn tí Sárà fi ayọ̀ bí Ísáákì, a kà pé ó rí Íṣímáẹ́lì, ọmọ Hágárì. Ọ̀rọ̀ tí a lò fún ohun tí Íṣímáẹ́lì ń ṣe wá láti inú gbòǹgbò kan náà pẹ̀lú orúkọ Ísáákì. Àwọn olùtumọ̀ kan ní eré ni ó ń ṣe. Àwọn mìíràn ní ẹ̀sín ni ó ń ṣe. Ẹ wò bí àlà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ti tín-ín-rín tó, tí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá fi ń jiyàn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a lè fi dá wọn mọ̀ hàn yín. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ náà sì ń bá yín rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ni. Bí gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ náà nìkan ń sunkún, ẹ̀sín ni. Ọmọ tí ń kólòlò, èyí tí ó ń tọ̀ sílé, èyí tí kò mọ̀wé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe ohun ìdárayá fún àlejò. Ní ìsinsìnyí, àwọn òbí kan ń fi fóònù ya àwòrán ọmọ wọn bí ó ti ń sunkún tàbí bí ó ti ń gba ìbáwí, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ káàkiri kí ayé lè rẹ́rìn-ín. Ní ayé àtijọ́, bí a bá fi ọmọdé ṣẹ̀sín, inú kúlóòsì ni ẹ̀sín náà máa ń mọ. Lónìí, yóò dúró dè é títí tí yóò fi dàgbà.

Ẹ má sì ṣe lọ sọ pé Fadá ní kí a má bá ọmọ wí mọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ilé tí ọwọ́ ọ̀tún nìkan bá ti ń ṣiṣẹ́, arọ ni ilé náà.

5. Iṣẹ́ Ìyá Àgbà àti Bàbá Àgbà

Ní ọdún 2021 ni Póòpù Francis dá ọjọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òbí àgbà àti àwọn arúgbó, ní ọjọ́ Àìkú kẹrin oṣù Agẹmọ, nítòsí àjọ̀dún Jóákímù àti Ánà mímọ́, tí ó bọ́ sí ọjọ́ 26 oṣù náà. Àwọn ni Ìjọ mọ̀ sí òbí Màríà Wúndíá, nítorí náà, bàbá àgbà àti ìyá àgbà Jésù ni wọ́n. Pọ́ọ̀lù mímọ́ pẹ̀lú kò gbàgbé Lóísì, ìyá àgbà Tímótì, nígbà tí ó ń sọ ibi tí ìgbàgbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti wá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní ọmọ ọmọ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún márùn-ún, tí kò gbọ́ Yorùbá bí kò ṣe gbólóhùn kan ṣoṣo: “Ẹ kú iṣẹ́.” Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń rí ara wọn lórí fóònù, ohun tí ó máa ń fi kí ìyá àgbà nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ó ń jẹun, ìbáà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá náà kò bá a jà, kò sì bú àwọn òbí rẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, yóò dáhùn pé, “O ṣeun, ọmọ mi, iṣẹ́ ńlá ni iyán yìí.” Bí ó bá sì wà lórí ibùsùn, yóò ní, “O ṣeun, oorun yìí mà pọ̀ o!” Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ìyá àgbà ń wí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣe di méjì, tí méjì di mẹ́wàá. Ní Ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, ó pa àlọ́ ìjàpá kan fún ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èdè tí ìbínú kò lè dá padà, àwàdà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

Ẹ rántí bí ìlú wa yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí àjọ̀dún ńlá ti àwọn ènìyàn dúdú ni a ṣe kọ́ ọ, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977. Ayọ̀, orin àti ijó ni ó bí Festac. Ẹni tí ó jẹ́ géńdé ní ọjọ́ náà ti di bàbá àgbà. Bí a bá jẹ́ kí ilé tí a kọ́ fún ayọ̀ di ibi tí olúkúlùkù gbé ń wo fóònù tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, a kò lo ilé náà bí ó ti yẹ.

Wòlíì Sekaráyà rí ìran Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run ti mú padà bọ̀ sípò. Kò sọ̀rọ̀ nípa wúrà níbẹ̀. Àwọn arúgbó ni ó rí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí wọ́n jókòó ní ìgboro pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ ogbó. Ó sì rí àwọn ọmọdékùnrin àti ọmọdébìnrin tí wọ́n kún òpópónà, tí wọ́n ń ṣeré. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ń kọjá nínú àwọn kúlóòsì wa, tí mo rí bàbá àgbà Yorùbá lórí àga, tí àwọn ọmọ Ìgbò, Ẹ̀gùn àti Àwórì ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì ba fìlà rẹ̀, mo máa ń dúró wo ohun tí bàbá náà yóò ṣe. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, tí ó sì da bọ́ọ̀lù náà padà, mo mọ̀ pé mo ti rí díẹ̀ nínú ìran Sekaráyà.

Ìbéèrè fún Ìdílé ní Ọ̀sẹ̀ Yìí

Ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kí ọmọ tí ó kéré jù kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Èkínní: Ìgbà wo ni gbogbo wa jọ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yìí, kí ni ó sì fà á?

Èkejì: Ta ni nínú wa tí a ti fi ṣẹ̀sín, tí a kò tíì bẹ̀?

Ẹ̀kẹta: Kí ni bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ṣe nígbà tí ó wà ní ọmọdé, tí ó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín? Bí ó bá wà ní ọ̀nà jíjìn, ẹ pè é kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bí iná bá sì dé bí ẹ ti ń gbàdúrà lọ́wọ́, tí ọmọ kékeré kígbe, ẹ dáhùn “Àmín”, kí ẹ sì máa bá àdúrà yín lọ.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó pa Sárà lẹ́rìn-ín ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ó tán nínú ilé yín. Àmín.

Èmi ni Fadá yín nínú Kristi.